Má Fi Màmá Àgbà Ṣe Pààrọ̀ Fóònù

Àbà Ògìdán,
Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àlàásárì.

Nafeesah Àrìnkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nídìí ìwé, mo kí ọ kú iṣẹ́. Bó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹun tán kí o tó kà á, nítorí ó gùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹni tí ebi ń pa. Mo kí ọ kú ariwo Ìsọlọ̀, mo kí ọ kú ọkọ̀ òfurufú tó ń gba orí òrùlé yín kọjá, tí ẹ fi ń dákẹ́ kó lọ tán kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo sì kí ọ kú ìjàǹbá fóònù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ òun ló lọ dípò nǹkan mìíràn. Orí tó mú ọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò mú ọ jáde tẹ̀ríntẹ̀rín, àmín.

Bí ìwọ náà bá ń bèèrè wa, a wà. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fúyẹ́, ó ti ń fi í lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Òjò rọ̀ níjẹta, ó rọ̀ débi pé odò ẹ̀yìn ilé ìwé kún, àwọn ọmọ sì rí àwáwí tí wọn ò fi lọ. Ewúrẹ́ wa bí méjì, akọ kan, abo kan, ìyá rẹ ní abo yẹn tìrẹ ni, ẹ̀kejì ni a ó tà. Eyín iwájú Adébánjọ àbúrò mi ti yọ, ṣùgbọ́n kò dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, ihò eyín yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde báyìí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá ń kọ lẹ́tà láyé tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń gba inú fóònù Lará kọjá. Lará ọmọ dáadáa ni, ẹ jọ ń gbé yàrá kan, ó yá ọ ní fóònù rẹ̀ kí o fi pè wá, Ọlọ́run yóò san án fún un. Ṣùgbọ́n Adébánjọ ti sọ fún mi pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ sínú fóònù ẹni, inú rẹ̀ ló ń kó jọ sí, kì í jáde. Mo wá rò ó pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ẹbí wa sínú tirẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ, ọ̀rọ̀ wa náà ni yóò kó lọ, àwọn àna rẹ̀ á sì mọ̀ wá kí a tó mọ̀ wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe ra bébà, tí mo sì ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìyá Ọmọ́bọ́lájí tó ń kó ata gbígbẹ lọ sí Òṣòdì ni yóò mú un bọ̀ ní ìdájí ọ̀la. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi sáàárín ata, àmọ́ bí ojú rẹ bá ń ta ọ́ bí o ṣe ń kà á, o mọ ohun tó fà á.

Ṣé o rántí pé lọ́jọ́ tí o pè, orí òkúta ẹ̀yìn mọ́sálásí ni Adébánjọ dúró sí, torí ibẹ̀ nìkan ni fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń gbọ́ràn. Èmi wà nísàlẹ̀. Ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, ó ń jù ú sí mi. Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá nǹkan kan já bọ́ lójú ọ̀nà.

O ní o ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́nu ọ̀nà ọjà Ìsọlọ̀, fóònù yọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó fi ojú lélẹ̀. O ní ojú rẹ̀ fọ́, ó ṣú dùdù, kò fi nǹkan kan hàn mọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá pè é, ó ń gbọ̀n. Èyí yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, tó ṣì mọ̀ pé wọ́n ń pe òun, kò tíì kú. Láti ìgbà náà, aláìsàn ni mo kà á sí, mi ò kà á sí òkú.

O ní ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n gbà ọ́. Lará ní kí o gbàgbé rẹ̀, kí o ra tuntun nínú páálí, èyí tó ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn. Khàlíl, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòòrùn ní Mafoluku, ní òun á pààrọ̀ gíláàsì ojú rẹ̀ àti bátìrì, kò sí ohun tó máa ṣe inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì wọ́n, ẹ ó sì dúró díẹ̀ kó tó dé. Ẹ̀kẹta ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìsọlọ̀ tó ní kí o mú àlòkù wá, kí o fi owó lé e, kí o gba tòkunbọ̀, àwọn á nu inú tìrẹ mọ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn. O ní ẹ̀kẹta yìí ló tẹ́ ọ lọ́rùn, òun ló dínwó jù, òun ló yá jù, gbogbo ọmọ kíláàsì yín ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. O ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni o máa lọ, torí ìdánwò inú fóònù tí ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Adébánjọ bi ọ́ pé àwọn nǹkan inú rẹ̀ ńkọ́. O ní kò sí nǹkan gidi kan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó inú fóònù Lará tán sí.

Mo ti sùn lé ọ̀rọ̀ yìí, mo ti jí lé e, ìbéèrè inú mi ò sì lóǹkà. Bá mi dáhùn wọn nígbà tí o bá ráyè. Kí ni fóònù ń fi ojú mẹ́ta wò? Èmi méjì ni mo ní, òwú aṣọ híhun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan, mo sì ń rí gbogbo ohun tó yẹ kí n rí àti àwọn mìíràn tí kò yẹ. Àbí ọ̀kan ń wo ọ̀nà, ọ̀kan ń wo olè, ẹ̀kẹta ń wo ẹni tó gbé e lọ́wọ́? Kí ló sì dé tí wọ́n fi kó gbogbo wọn sẹ́yìn? O tún ní bí o bá gba òmíràn, wàá ra aṣọ fún un, wàá sì ra gíláàsì lé gíláàsì ojú rẹ̀, kí tòkè lè fọ́ dípò tìsàlẹ̀. Èyí wú mi lórí púpọ̀. Ẹni tó ronú kan gíláàsì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fọ́ dípò ẹlòmíràn lọ, ọlọ́gbọ́n ni. Adébánjọ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún eyín.

Lará ní ìtìjú ni fún ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti mú fóònù ọlọ́dún mẹ́rin dání. Mi ò jiyàn, ẹ̀yin lẹ mọ ojú tí ẹ fi ń wo ara yín. Ṣùgbọ́n òfì tí mo fi ń hun aṣọ, bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Mo ti pààrọ̀ ọ̀kọ̀ rẹ̀, mo ti pààrọ̀ okùn rẹ̀, bàbá mi ti pààrọ̀ igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òfì Bàbá ṣì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ mọ̀ pé bí Khàlíl bá pààrọ̀ ojú, tó pààrọ̀ bátìrì, ṣé fóònù àná náà ni, àbí àlejò ni? O sọ nígbà kan pé ó mọ ìka rẹ, kì í ṣílẹ̀kùn fún ìka ẹlòmíràn. Ṣé bó bá gba ojú tuntun, yóò ṣì dá ìka rẹ mọ̀, àbí ẹ ó tún ara yín mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀? Olùkọ́ tó ń ṣe ìdánwò inú fóònù fún yín ńkọ́, inú fóònù wo lòun ń jókòó sí tó fi ń rí i pé ẹ ò wo ìwé?

O mọ̀ pé nílé wa, a kì í gba àlejò wọlé láìṣe ìwádìí. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, ìyá mi, Màmá Àgbà, wádìí ilé wọn débi pé wọ́n mọ ohun tí ajá wọn ń jẹ. Wọ́n wádìí bóyá wọ́n ń ya wèrè, bóyá wọ́n ń jẹ gbèsè, bóyá obìnrin ilé wọn máa ń kó ẹrù wọn lọ bí wọ́n bá bínú. Tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ bàbá rẹ̀ ni o wá fẹ́ gbé wọlé yìí, tí yóò máa bá ọ sùn lórí ìrọ̀rí kan náà. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká jókòó. Nírọ̀lẹ́ àná, èmi, ìyá rẹ àti Adébánjọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Adébánjọ la fi ṣe alárinà, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ rí ní Ìsọlọ̀, nígbà tí igbó ibẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ, ó sì gbà pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dòní tí òun ò mọ̀.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní ta ló ni tòkunbọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, kí ló sì lé e kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́? Adébánjọ ní òyìnbó kì í tún nǹkan ṣe, bí tuntun bá ti dé, wọ́n á tú èyí àtijọ́ sílẹ̀, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á bá wa níhìn-ín. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, wọn kì í lé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló kú ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ olóògbé ti pín ogún tán kí wọ́n tó tà á? A ò lè fi owó wa ra ìjà ogún, kí ọmọ òyìnbó kan má wá kan ilẹ̀kùn wa lọ́jọ́ kan pé òun wá gba ohun bàbá òun. Adébánjọ fọwọ́ nu ẹnu. Mo wá bèèrè pé àwòrán àwọn ará ibẹ̀ àti ohùn wọn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́. Ó ní wọ́n á ti nù ún dànù kó tó kúrò lọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe máa nu tìrẹ náà kí wọ́n tó tà á.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ gbọ́wọ́ lé àyà. Ó ní ṣé a ò rántí pé Màmá wà nínú fóònù ọmọ yẹn ni?

Àrìnkẹ́, mo ṣí fìlà lórí. Adébánjọ pàápàá ṣí tirẹ̀.

Bóyá o ti gbàgbé, iṣẹ́ ìwé pọ̀, Èkó náà sì máa ń kó ọ̀rọ̀ sí ènìyàn lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ pé kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀, ó dùn mí. Mo ń sọ ọ́ fún ọ kó má bàa di ohun tí mo ń dì sínú. Ọjọ́ kejì Iléyá èṣín ni, Màmá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí, ìwọ jókòó sí ẹsẹ̀ wọn, o gbé fóònù lé ẹ̀gbẹ́ igbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́. Wọ́n kì ọ́ dé ìdí baba ńlá wa, wọ́n ń dúró láàárín rẹ̀ kí wọ́n lé adìẹ, wọ́n á tún bá a lọ. O ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀ kó lè wọlé dáadáa. Wọ́n bi ọ́ pé kó wọ ibo. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kó tó pé oṣù méjì, wọ́n ti lọ.

Lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọjọ́ wọn, nígbà tí ímáàmù àti àwọn àlejò ti lọ tán, o gbé fóònù náà lé orí àpótí tí wọ́n máa ń jókòó sí, o tẹ̀ ẹ́, ohùn Màmá sì jáde. Ìyá rẹ sunkún. Adébánjọ sunkún. Èmi dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo la ní nígbà yẹn, ó sì wà níbẹ̀ lórí ìso lójú gbogbo yín, ó ń jẹ èèpo iṣu. Mo lọ dúró sẹ́yìn ilé títí ohùn náà fi tán. Nítorí náà, gbogbo yín ti gbọ́ ọ, èmi nìkan ni mi ò tíì gbọ́ ọ parí.

Wàyí o, àwọn ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa Màmá nìyí, bá mi bi Khàlíl, kó má fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fóònù fi ojú ṣubú, ṣé ohùn wọn ò farapa? Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú, ṣé inú òkùnkùn ni wọ́n wà? Màmá ò fẹ́ràn òkùnkùn, àtùpà wọn kì í kú mọ́jú. Bí bátìrì bá tán, ṣé wọ́n ń sùn ni? Bí ṣọ́ọ̀bù Ìsọlọ̀ yẹn bá nu inú rẹ̀, ṣé bí wọ́n ṣe ń nu ẹfun kúrò lójú pátákó ilé ìwé ni, tí èèyàn ṣì máa ń rí òjìji rẹ̀ bí oòrùn bá ta sí i, àbí yóò lọ ráúráú? Bí wọn ò bá sì nù ún ńkọ́, tí wọ́n gbàgbé, tí wọ́n tà á bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan ní Òṣòdì? Màmá á jí lọ́wọ́ àjèjì, wọ́n á máa kì í ní Àrìnkẹ́, ẹni yẹn ò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Ohun kan wà tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo bí a ṣe bẹ Màmá tó nígbà tí wọ́n wà láyé pé kí wọ́n bá wa dé Èkó, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní omi ibẹ̀ ò ní ìyá. Ẹ wá wò wọ́n, wọ́n ti di ará Ìsọlọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n ń lọ sí kíláàsì. Mo tiẹ̀ lọ bá ímáàmù lówùúrọ̀ yìí, mo bi í bóyá ó tọ́ bí mo ṣe ń pe ohun inú fóònù ní Màmá. Ó ní Màmá wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ohùn lásán ló wà níbẹ̀, ohùn kì í ṣe ènìyàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ímáàmù, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, ohùn yẹn ló pọ̀ jù lára wọn. Ímáàmù rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kí ọ, ó sì ní àǹfààní ni fóònù náà jẹ́ bí a bá mọ̀ ọ́n lò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ gan-an, kí o má bàa rò pé nǹkan àtijọ́ lásán ni bàbá rẹ ń gbé mọ́ra. Ìyá rẹ ń pè mí ní Bàbá Nafeesah. Adébánjọ ń pè mí ní Bọ̀dá. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ń pè mí ní Àlàájì, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì dé Mẹ́kà, Ìlọrin pàápàá, mi ò tíì dé ibẹ̀. Ìwọ ń pè mí ní Bàbá mi. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n Àjàmú, Màmá nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, wọ́n á ní Àjàmú, ṣé o jí dáadáa, inú mi á sì dùn bí ọmọdé, èmi tí irùngbọ̀n mi ti funfun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, kò sí ẹni tó dàgbà tó láti pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú agboolé yìí. Adébánjọ ò lè pè mí, èmi ni mo gbé e pọ̀n. Nígbà tí Màmá ń kì ọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pè ọ́ ní ọmọ Àjàmú, ọmọ ahunṣọ-bo-tálákà. Mo gbọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọjọ́, kí n tó dìde. Nínú gbogbo ayé, inú fóònù tó fọ́ yẹn nìkan ni ẹni tó ń pè mí ní Àjàmú kù sí.

Nítorí náà, ohun tí ìwádìí wa fẹnu kò sí nìyí. Má lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé ìdánwò ò lè dúró de gíláàsì Khàlíl, yá fóònù àǹtí rẹ Nimotallahi ní Ire-Akari fún ọjọ́ ìdánwò náà, àbúrò ìyá rẹ ni, kò ní kọ̀, ìyá rẹ ti ránṣẹ́ sí i. Bí o bá sì wá ra òmíràn nígbà tó yá, tuntun ni o, tòkunbọ̀ ni o, olójú mẹ́ta ni o, olójú mẹ́wàá ni o, mi ò ní bá ọ jà, ìwọ lo mọ ohun tí kíláàsì yín ń fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, a ò tà á, a ò fi í ṣe pààrọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ẹbí, pé a fi ìyá mi lé owó ká lè gba fóònù òyìnbó?

Mo mọ̀ pé gíláàsì náà wọ́n, kò sì sówó lọ́wọ́ rẹ. Ìdí tí mo fi di nǹkan sínú àpò tí Ìyá Ọmọ́bọ́lájí yóò fún ọ nìyẹn. Aṣọ ẹtù ni. Òun ni mo ti ń hun fún ara mi láti ọdún tó kọjá, mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àdúrà ọdún kan Màmá. Gbé e lọ fún ọkọ àǹtí rẹ Nimotallahi, ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí fún irú rẹ̀, kò ní dúnàádúrà. Fi owó rẹ̀ tún fóònù ṣe. Má bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí nítorí ẹ̀, òwú ò tán nílẹ̀ yìí, mo sì ní bùbá funfun tó ṣì dára. Màmá kì í wo aṣọ lára mi, bóyá mo ti jẹun ni wọ́n máa ń wò.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Khàlíl, sọ fún un pé kó fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Kó tó ṣí i, kó kí wọn. Kò ní pa á lára láti sọ pé Màmá, ẹ kú ilé o, ọmọ yín ló ní kí n wá tún ojú ṣe. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kó kí wọn náà. Má kúrò níbẹ̀ kó tó parí, má sọ pé wàá lọ jẹun kí o tó padà. Bó bá sì ní nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ kọjá àtúnṣe, gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbé ohùn jáde. Ṣé òótọ́ ni ohun tí Adébánjọ sọ, pé ohùn kan náà lè wà nínú fóònù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kankan nínú wọn ò sì ní dín kù? Bó bá jẹ́ òótọ́, bá wa fi ọ̀kan sínú fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mi ò mọ bí ó ṣe ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ó ṣeé ṣe.

Adébánjọ wò ó láti orí èjìká mi, ó ní lẹ́tà bàbá sí ọmọ tó wà l'Ékòó, bí kò bá bèèrè owó, kò tíì parí, àwọn tó bá kà á á ní aláìmọ̀wé ló kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo ń bèèrè: bí nǹkan kékeré bá ṣẹ́ kù nínú owó ẹtù, fi ra òwú dúdú ránṣẹ́ sí mi, kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí o sì ra nǹkan dídùn fún ìyá rẹ, má ra èyí tó le, torí eyín Adébánjọ, òun náà á fẹ́ jẹ níbẹ̀. Bí kò bá sì ṣẹ́ kù, mo ti bèèrè, lẹ́tà ti pé.

Àrìnkẹ́ mi, ìwé tí ò ń kà kò ní di àsán. Ọwọ́ rẹ kò ní mú nǹkan kó yọ́ mọ́. Ìdánwò yìí, àyege ni, olùkọ́ tó wà nínú fóònù yóò rí ire rẹ, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀tàn gba ohun tí í ṣe tìrẹ, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí ọ. Bí o ṣe ń lọ, bí o ṣe ń bọ̀, ní Ìsọlọ̀, ní Mafoluku, lójú títì, ilẹ̀ á máa gbà ọ́ sókè. Àmín, nítorí ọlá Ànábì.

Oṣù tó ń bọ̀ ni àdúrà ọdún kan Màmá. Gba ààyè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ, kí o sì gbé fóònù náà wálé, má fi rán ẹnikẹ́ni. Àpótí wọn ṣì wà níbi tí wọ́n fi sí, ìyá rẹ ń nù ún. Nígbà tí ímáàmù bá ti lọ tán, gbé e lé e, kí o tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ ti di mẹ́ta nílé báyìí o, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní lọ wò wọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàmú.